Ọjọ́ Ìbí Wọ Agboolé Ọlọ́mọ Yọyọ

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún kan, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ṣì jẹ́ ọmọdé ní Aké, Abẹ́òkúta, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé wá sílé. Ó ti sọ fún wọn pé ọjọ́ ìbí òun ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wojú ara wọn, wọ́n ń retí. Ọmọ náà kò pèsè ohunkóhun sílẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ọjọ́ ìbí a máa dé fúnra rẹ̀, bí òjò ṣe ń dé. Ìgbà tí àwọn àgbà gbọ́ sí i ni wọ́n tó là á yé e pé ènìyàn ní í ṣe ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìbí kì í ṣe ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé *Aké*, tó jáde ní 1981.

Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wo irú ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá iléèwé St Peter's ní Aké. Ìyá rẹ̀, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn. Ọmọ bíbí inú, ọmọ ẹbí, ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá kọ́ ẹ̀kọ́ ilé, orí ẹní nínú yàrá ìyá ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó máa ṣírò ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ilé onígbàgbọ́ tó mọ̀wé nìyẹn o. Bí a bá jáde lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì tí a wọ àwọn agboolé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sílẹ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ka ìbí ọmọ sí. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ló kárí gbogbo wọn. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù ni wọ́n ń fi wúre. Bàbá àgbà sọ orúkọ tirẹ̀, ìyá àgbà sọ tirẹ̀, ará ilé kọ̀ọ̀kan ju owó sínú omi, ó sì sọ orúkọ tó wù ú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n kó jáde, àmọ́ gbogbo agboolé ló jẹ, tó mu. Ìnáwó yẹn parí síbẹ̀. Wọn kì í padà wá ṣe é ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ìwé tó ní kí wọ́n padà wá.

Ohun tí agboolé ń tọ́jú ni ipò: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló tẹ̀ lé e. Nínú ilé tí ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà, ọmọ méjì lè wáyé láàrin oṣù kan ṣoṣo. Ẹni tó fi ọjọ́ kan péré ṣíwájú ni ẹ̀gbọ́n títí láé. Ẹnì kejì kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ gán-ún, “ẹ” ni yóò sì máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyáálé ló sábà máa ń mọ ẹjọ́ náà dá, torí pé lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí gbogbo wọn. Àwọn ìyàwó pàápàá, ọjọ́ tí wọ́n wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń to ara wọn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lè máa kúnlẹ̀ kí ọmọ ogún ọdún tó bá nílé.

Ìlànà yìí rìn jìnnà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e dání, ó sì wà nínú ẹ̀sìn òrìṣà níbẹ̀ títí di òní: ọdún tí ènìyàn ti lò látìgbà tí wọ́n ti gbé òrìṣà lé e lórí ni wọ́n fi ń mọ àgbà, kì í ṣe ọdún tó ti lò láyé. Ọdọọdún ni olórìṣà ń ṣe àyájọ́ ọjọ́ náà. Wọ́n a tẹ́ ìtẹ́ aláṣọ dídán fún òrìṣà, wọ́n a to èso àti kéèkì síwájú rẹ̀, ọmọ ilé a sì wá dọ̀bálẹ̀.

Nílé níbí, ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí. Wọ́n bí ẹnì kan nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán títí di 1893. Òmíràn dé lọ́dún tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, 1892, tàbí lọ́dún tí rélùwéè wọ Ìbàdàn, 1901, tàbí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Orúkọ ń ran ìrántí lọ́wọ́: Abíọ́dún dé nígbà ọdún, Abíọ́nà dé lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọdún wo nínú àwọn ọdún? Orúkọ kò sọ ìyẹn. Àwọn Ìjẹ̀bú tilẹ̀ pín ara wọn sí régbérégbé, tí àwọn tí wọ́n bí láàrin ọdún mẹ́ta síra wọn ń ṣe ẹgbẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ yìí náà ló ń wọṣọ kan náà lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wọn, níbi ọdún Ojúde Ọba. Ẹgbẹ́ lápapọ̀ ló ń dàgbà. Ẹnì kan kì í dá ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe.

Ìbejì nìkan ni a lè sọ pé wọ́n ní àsè tó ń padà wá. Ìyá wọn a máa se ẹ̀wà lóòrèkóòrè, a pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ, wọ́n a sì jẹ ẹ́ tán pátá. Bí pátì ọmọdé bá ní baba ńlá nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀wà ìbejì ni.

Ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dá ọjọ́ ọmọ kan yà sọ́tọ̀. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Sàró dájú ṣáká, 11 oṣù Kejìlá 1825, ọdún tí wọ́n bí i ní Òṣogùn ni àwọn òpìtàn ṣì ń méfò. Nígbà tí ìjọ CMS tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, ìwé ìrìbọmi bá wọn wọ̀lú, àwọn ọmọ onígbàgbọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọjọ́ tó ṣeé tọ́ka sí. Síbẹ̀, ọjọ́ ìbí tí ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe tiwọn. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n bí Ọbabìnrin Victoria ní 1819, ni ìjọba amúnisìn sọ di Empire Day. Ọmọ tí kò mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ń fi ẹsẹ̀ gbá eruku, ó ń yan nítorí ọjọ́ ìbí obìnrin tó ti kú ní ìlú òyìnbó.

Àwọn ilé tó ní ọjọ́ lọ́wọ́ pàápàá kì í fi ṣe fáàrí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Àrùn ń pa ọmọdé nígbà náà, pípé ọdún kan sì jẹ́ ìṣẹ́gun. Nínú ìwé *Aké* kan náà, àbúrò Ṣóyínká obìnrin, Fọláṣadé, kú ní ọjọ́ gan-an tó pé ọmọ ọdún kan. Ìyá tó bá ti rí irú ìyẹn, ìdúpẹ́ ló máa ń yá a lára ju ijó lọ.

Iléèwé ló sọ ọjọ́ orí di ọ̀ranyàn fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn òbí sì ń wọ́ ọmọ lọ síléèwé. Tíṣà a ní kí ọmọ gbé apá gba orí kọjá kí ó fi fọwọ́ kan etí òdìkejì. Bí ọwọ́ bá tó etí, ó tó iléèwé lọ. Bí kò bá tó, kó padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn ló ń bá a dé ibi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba fi ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ọ́fíìsì. Kò yẹ kí a pè wọ́n ní òpùrọ́. Apá wọn ló tètè gùn.

Kéèkì wá dé bá ọ̀rọ̀ náà. Fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ olówó ni ìyẹ̀fun òyìnbó. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó ní 1921, ló sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ará ìlú débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá. Ìyẹ̀fun wá sún mọ́ ilé ìdáná, àwọn ìyá tí kò ní ààrò ìyankéèkì sì dọ́gbọ́n: wọ́n da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, wọ́n gbé páànù kéèkì lé e, wọ́n dé e pa, wọ́n kó ẹ̀yinná sórí ọmọrí. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de àlìkámà òkèèrè ní 1987. Owó kéèkì fò sókè. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò.

Ilé ọlọ́mọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ kò lè ra kéèkì mẹ́jọ lọ́dún kan. Níbí ni ọgbọ́n agboolé ti padà wọlé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàrin oṣù Kẹwàá sí ìparí ọdún ni wọ́n da pọ̀ mọ́ Kérésì: ìrẹsì kan, adìyẹ kan, orúkọ mẹ́ta lórí kéèkì kan. Àwọn ilé mìíràn ṣe é ní yíyípo, ọmọ méjì lọ́dún yìí, méjì mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá kàn a sì máa fìbínú fọ abọ́. Ohun tí gbogbo ọmọ ń rí gbà, láìka owó sí, ni àdúrà ìdájí. Wọ́n a jí gbogbo ilé, wọ́n a kọrin, ọlọ́jọ́ ìbí a kúnlẹ̀ láàrin, bàbá a gbé ọwọ́ lé e lórí, àwọn àbúrò tí oorun ṣì ń kùn a máa ṣe “Àmín”. Lẹ́yìn náà ni ẹyin odidi kan. Ní ilé tí wọ́n ti gbàgbọ́ pé fífún ọmọdé lẹ́yin jẹ lè sọ ọ́ di olè, ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò bá a pín kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré.

Ní ọ̀pọ̀ ilé mùsùlùmí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àwọn aáfà kan kò fọwọ́ sí ọjọ́ ìbí rárá, nítorí náà ọjọ́ tí ọmọ parí Kùránì, ọjọ́ wòlíìmọ̀, ni ìnáwó rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹgbẹ́ ọmọ kéwú lápapọ̀ ló sábà máa ń jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ìnáwó kan, ọmọ púpọ̀.

Àṣà ìnáwó àjọṣe yìí ti ń yí padà. Òfin 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera ní 2018 sì fi hàn pé ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ti wálẹ̀ sí bíi 3.9, nígbà tí ti gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 5.3. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ṣeé dá pátì fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bàlúùnù, ayàwòrán àti àpò bisikíìtì fún gbogbo ọmọ kíláàsì.

Ìnáwó tó ṣì ń kó gbogbo ọmọ ilé ńlá jọ ni ọjọ́ ìbí òbí. Àwọn ọmọ mẹ́jọ tó jọ pín kéèkì kan nígbà kan rí ti tú ká, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù, Houston, wọ́n sì fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún fún Màmá. Màmá kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ohun tó mọ̀ ni pé iṣu tuntun ti dé. Ìpàdé orí fóònù a bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ oṣù Kẹjọ nítorí iṣu, ẹni tó wà ní Houston kò rí ìsinmi gbà, wọ́n sì fẹnu kò sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá. Wọ́n ra aṣọ ẹbí, wọ́n sanwó gbọ̀ngàn, wọ́n kọ 80 sórí kéèkì alájà mẹ́ta. Àbúrò Màmá tó dé láti abúlé wo iye náà, ó ní òun gan-an ti lé ní ọgọ́rin, ẹ̀gbọ́n òun kò sì lè kéré sí òun. Wọ́n fún un ní gbohùngbohùn kó gbàdúrà.