Gbèdéke Ọ̀sẹ̀ Méjì: Àwọn Yorùbá àti Ìwé Ìgbélùú ní Gánà, 1969

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí àlejò di ẹrù rẹ̀ nígbà tí ó wù ú yàtọ̀ sí kí onílùú dá ọjọ́ fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni gbèdéke náà pé.

Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá jù lọ. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ṣakí ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Ọwọ́ aláṣẹ kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì wà, nítorí náà ìwé kò jẹ́ ìṣòro fún ẹni tí ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó nǹkan bí 100,000. Wọ́n wà ní Accra àti Kumasi, wọ́n sì wà ní Tamale ní apá àríwá. Wọ́n ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì bí ọmọ tí kò mọ ìlú mìíràn.

Ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Òfin nípa àjòjì ti wà láti ọdún 1963, ṣùgbọ́n ọwọ́ dẹngbẹrẹ ni wọ́n fi mú un. Àfi ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n, tí gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, tí àwọn onílùú sì ń kùn pé àlejò ló gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Òfin tí ó ti ń sùn wá jí lójijì. Ọmọ tí a bí sí Kumasi, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà, kò bọ́ nínú rẹ̀: àjòjì ni wọ́n kà á sí.

Irú àṣẹ báyìí kì í mọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kò mọ ilé àjòjì. Aládùúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń du ìsọ̀ pẹ̀lú rẹ mọ̀ bóyá o ní ìwé tàbí o kò ní. Ẹni tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè náà mọ̀ ọ́n, bí o bá sì sin ín lówó, ó lè fi ọ́ sùn. Ẹni tí ó kọ gọ̀ǹbọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ níbi tí yóò sá pamọ́ sí. Bí a bá ti fi ènìyàn sùn, a kì í bi í ní iye ọdún tí ó ti lò tàbí iye owó orí tí ó ti san. Ìwé nìkan ni a ń béèrè. Bí kò bá sí, àtìmọ́lé ni, lẹ́yìn náà ẹnubodè.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba àwìn tí a ti tà fún ọdún púpọ̀. Ajigbèsè mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Ilé àti ọjà di ohun tí à ń tà ní owó pọ́ọ́kú, èyí tí kò sì rí olùrà di ohun tí à ń fi sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù gba Aflao, Lomé àti Kútọnu lọ sí Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Àwọn ọmọ dé ìlú baba wọn bí ẹni dé àjò.

Gánà náà kò lọ láìfara gbá. Àwọn oko kòkó kan kò rí alágbàṣe mọ́, ọjà sì pàdánù àwọn tí ń gbé nǹkan dé ìletò.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ní Nàìjíríà. Epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ sì wọ́n. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti lo ìgbà náà kọjá. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kó ẹrù, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù. Ẹnubodè Gánà wà ní títì, nítorí náà ọ̀pọ̀ há sí Sẹ̀mẹ̀ àti Bẹ̀nẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù náà.

Nàìjíríà sọ báàgì oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi kó ẹrù ní "Ghana Must Go", orúkọ náà sì wà títí di òní. Àwọn Yorùbá tí a lé ní ọdún 1969 kò ní báàgì tí ń jẹ́ orúkọ wọn. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ìtàn méjèèjì pọ̀, kí ẹni tí ń fi àlejò ṣe ẹ̀sín lè rántí pé baba tirẹ̀ náà ti di ẹrù lóru rí.