Bí Àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ Ṣe Sọ Iṣu Igbó Di Iṣu Oko

Iṣu tí à ń gún níyán ní Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni. Inú igbó ni wọ́n ti mú un, nígbà tó ṣì ń hu ẹ̀gún, tí ara rẹ̀ kún fún iṣan, tó sì ń rì wọlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wà á yóò gbẹ́ kòtò tó mù ún dé àyà. Wọ́n gbé e wá sí oko, wọ́n tọ́ ọ, ó gba ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń dáko lónìí mọ ìtàn yìí, nítorí bí mo ṣe ń wo ilẹ̀ wa, ẹ̀rù ń bà mí kí ìmọ̀ náà má parí mọ́ ìran tiwa lọ́wọ́.

Àárín odò méjì ni ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wà: odò Wémè ní ìwọ̀-oòrùn, odò Ọ̀pàrà ní ìlà-oòrùn, níbi tí ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà gbà kọjá. Àwọn àpáta ńlá tó yọrí lẹ́yìn ìlú ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa sá gùn nígbà tí ogun Dàhòmì ń dà wá láàmú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ilẹ̀ tó yí àwọn àpáta náà ká, ọ̀dàn ni, igbó sì tẹ̀ lé etí odò. Iṣu igbó fẹ́ràn irú ibẹ̀ yẹn: oríṣi kan ń hù ní ọ̀dàn, òmíràn ń hù lábẹ́ igi nítòsí omi.

Ìdílé alágbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọdẹ sì ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ń ṣọdẹ, tí wọ́n rí ìtàkùn iṣu igbó tí ewé rẹ̀ dán, tó sì jọ ti oko, wọn a sàmì sí ìdí igi tó fà lé. Tó bá yá, wọn a padà lọ wà á, wọn a gé orí rẹ̀, wọn a gbìn ín sí igun oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ebè ńlá ni wọ́n máa ń kọ fún un. Wọn a tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tàbí àkúfọ́ ìkòkò sísàlẹ̀ ebè náà, kí iṣu má baà ríbi rì lọ, kó lè sanra dípò kó gùn. Lọ́dún kìíní, ohun tó máa ń ta kì í tó nǹkan. Lọ́dún kejì, wọn a wo èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ dín kù, wọn a tọ́jú èbù rẹ̀, wọn a da ìyókù nù. Òmíràn ń gba ọdún mẹ́ta kó tó ṣeé jẹ, òmíràn ń kọjá márùn-ún, àwọn kan kì í sì í gbọ́ràn títí láé. Bí a bá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká sè é wò, wọn a ní: “Ẹ má kánjú jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ oko ná.” Nígbà tó bá wá mọ oko, wọn a fún ọ̀rẹ́ ní èbù, ọ̀rẹ́ a fún àna, báyìí ni iṣu tuntun ṣe ń wọ ìlú.

Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló ń ṣe é. Iṣẹ́ àwọn tó ní sùúrù ni, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn méjì, Roland Dumont àti Philippe Vernier, kọ̀wé nípa rẹ̀ bí wọ́n ṣe rí i láàárín àwọn Ìbàrìbá ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 2006, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìran irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò láti oko àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn kan lára wọn jẹ́ iṣu igbó pọ́ńbélé, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó àti iṣu oko jọ bí. Ní 2019, Scarcelli àti àwọn mìíràn tún fi hàn pé láti ara iṣu igbó kan, Dioscorea praehensilis, ni iṣu funfun ti ṣẹ̀, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì kò le. Èbù tí a gé lára iṣu kan, iṣu yẹn náà ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Bí àrùn bá mọ ọ̀nà rẹ̀, gbogbo oko ló mọ̀ ọ́n. Inú igbó, níbi tí òdòdó akọ ti ń pàdé òdòdó abo, ni iṣu tuntun ti ń jáde wá.

Láti ara iṣẹ́ títọ́ iṣu igbó yìí ni oríṣiríṣi iṣu ti pọ̀ lọ́wọ́ wa, tí a sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò fún. Laboko ni ti ìyán, ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń wà á. Ní nǹkan bí oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, a óò tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a óò gé iṣu ńlá náà kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láìfa gbòǹgbò tu, a óò sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Àwọn iṣu kéékèèké tí orí náà bá tún ta la fi ń ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀. Kokoro ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń wà á, nígbà tí ewé bá gbẹ tán. Kì í tóbi, ṣùgbọ́n ó máa ń ta púpọ̀ lábẹ́ ebè kan, òun ló sì dára jù fún gbodo, iṣu gbígbẹ tí à ń fi ṣe àmàlà.

Àwọn ìyá wa ló ni iṣẹ́ gbodo. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Wọn a bẹ iṣu, wọn a bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, wọn a jẹ́ kó sun inú omi náà mọ́jú, wọn a wá sá a sí orí àpáta títí yóò fi dún kó-kó bí a bá kàn án. Èèpo rẹ̀ kì í ṣòfò: adìẹ, ẹtù àti ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà ọjà wa gùn. Reluwé láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀dọ̀ wa ló sì parí sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Parakou ní 1936. Nígbà tí wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì ní oṣù Kìíní 1994, ìrẹsì òkèèrè wọ́n, ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá sì yíjú sí àmàlà. Láti oṣù Kẹjọ 2019 tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní oṣù Kejìlá 2020, ẹni tó ní iṣu tútù nílẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń jẹrà. Ẹni tó ti sọ tirẹ̀ di gbodo lè dúró de ọjà.

Ilẹ̀ ló wá di ìṣòro wa. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tó ti sinmi. Àwọn baba wa a gbin iṣu lọ́dún kìíní tí wọ́n ṣán igbó, àgbàdo tàbí ẹ̀pà a tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ a kẹ́yìn, wọn a wá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1975, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀, ìrèké sì gba ilẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni kajú tàn kálẹ̀. Kajú ń pa owó wọlé, mo gbin díẹ̀ fúnra mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kajú bá ti jókòó sí, iṣu kì í padà síbẹ̀ mọ́. Igbó tí ì bá sinmi kò sí, igbó tí iṣu tuntun ti ń jáde sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ní oko kékeré rèé. Má gbin oríṣi iṣu kan ṣoṣo nítorí pé òun ni ọjà ń béèrè. Ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí o sì mọ orúkọ wọn àti ẹni tó fún ọ ní èbù. Ìgbà tí ewé ṣì tutù ni kí o ti sàmì sí ìtàkùn tí ara rẹ̀ dá, kí o lè mú èbù níbẹ̀. Má fi èyí tí kò rí ọjà ṣe èbù. Gbin àgúnmánìyẹ̀ sí àárín oko: ewé rẹ̀ á bọ́ ilẹ̀, igi rẹ̀ á sì gbé iṣu ró. Má ṣán igbó etí odò: iṣu igbó nílò rẹ̀, ẹja odò náà nílò ibòji rẹ̀.

Kí o sì ya ebè mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Bí o bá mọ àgbà kan tó ṣì lè fi iṣu igbó hàn ọ́, bá a lọ kí òjò tó dé, kí o mú ọmọ rẹ dání. Ilé ìwádìí lè tọ́jú àwọn iṣu tí a ti ní. Àwọn tí a kò tíì ní, ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n wà.