Nọ́ńbà Kan Kò Tó Láti Fi Pe Èèyàn Ní Ọbàkan

Àṣìṣe kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi àyẹ̀wò DNA tọpa ìdílé wọn. Wọ́n á tutọ́ sínú ìgò kékeré, wọ́n á fi ránṣẹ́, èsì á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n á bá orúkọ ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀: 1,750 cM. Wọ́n á wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí i kà pé iye tí ọbàkan sábà máa ń jọ ní nìyẹn. Ó parí! Bàbá ti bímọ síta. Ilé lè dàrú lórí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá nọ́ńbà náà sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Kò sọ ọ́. Iye DNA tí èèyàn méjì jọ ní kò lè dá sọ orúkọ tó yẹ kí wọ́n máa pe ara wọn nínú ẹbí.

cM ni ìkékúrú sentimọ́gàn. J. B. S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi orúkọ Thomas Hunt Morgan ti Amẹ́ríkà sọ òṣùwọ̀n náà ní 1919. Ọ̀pọ̀ ló rò pé gígùn ló ń wọ̀n. Rárá o. Nígbà tí ara ọkùnrin bá ń ṣe àtọ̀, tàbí tí ara obìnrin bá ń ṣe ẹyin, krómósómù tó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ máa ń fara kanra, wọ́n á gé, wọ́n á sì pààrọ̀ abala, kí ẹyọ kan tó kọjá sára ọmọ. Bí ibi méjì lórí krómósómù bá fi 1 cM jìnnà síra, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú 100 ọmọ, ẹyọ kan péré ni a lè retí pé gígé náà yóò bọ́ sáàárín ibi méjèèjì. Bó ṣe máa ń ṣeé ṣe sí kí gígé ṣẹlẹ̀ ni òṣùwọ̀n yìí ń kà. Gígé náà kò sì dọ́gba láàárín akọ àti abo: ó tó bí 40 nínú ẹyin kan, ó sì jẹ́ bí 26 nínú àtọ̀ kan.

Sewall Wright, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní 1922 ló gbé ìṣirò ìbátan rẹ̀ jáde. Ìṣirò náà ló fi hàn pé ọmọ ìyá ọmọ bàbá jọ ní ìdajì, ọbàkan jọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jọ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, àwọn ọmọ tiwọn sì jọ ní ìdá kan nínú 32. Ìṣirò yìí kò ní àléébù kankan. Ohun tí a lè retí ní ìpíndọ́gba ló ń sọ, àwa ni a sọ ọ́ di ohun tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní lára. Láàárín òbí àti ọmọ nìkan ni ìdajì ti dúró gbọn-in, nítorí pé ọmọ gba odindi ìpín kan lọ́wọ́ bàbá àti òmíràn lọ́wọ́ ìyá. Kúrò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí gígé bá bọ́ sí. Ní 2006, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Peter Visscher àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo 4,401 ìsọ̀rí èèyàn méjì-méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àwọn kan jọ ní ìdá 37.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn jọ ní 61.7. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, kò sí ẹni tó jáde nílé. Ẹni tó bá wá ń fura sí ìyá rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ìdajì ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 1,750 yẹn. Blaine Bettinger, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó tún kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kó iye tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ ní pẹ̀lú àwọn ìbátan tí wọ́n ti mọ̀ dájú jọ. Ẹ̀dà kẹrin iṣẹ́ náà jáde ní 2020. Nínú rẹ̀, àwọn tí òbí kan ṣoṣo pa pọ̀ jọ ní 1,759 ní ìpíndọ́gba, láti 1,160 dé 2,436. Èèyàn àti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ jọ ní 1,741, láti 1,201 dé 2,282. Èèyàn àti òbí rẹ̀ àgbà jọ ní 1,754, láti 984 dé 2,462. Ta ló fẹ́ fi ojú lásán ya 1,741 sọ́tọ̀ kúrò lára 1,759? Àwọn ìbátan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá ló wà lábẹ́ nọ́ńbà kan.

Wọ́n sábà máa ń ní ká fi ọjọ́ orí yà wọ́n. Ní ilé olórogún, ìyẹn kì í ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyàwó tí bàbá fẹ́ kẹ́yìn lè bí ọmọ tó kéré sí ọmọ-ọmọ ìyálé, débi pé ẹni tó jẹ́ àbúrò bàbá yóò máa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lọ sí yunifásítì.

Krómósómù X wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní, bó sì ṣe wà náà ló ń fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀, kò ní èkejì tí yóò bá a pààrọ̀. Nítorí náà, obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan gbọ́dọ̀ jọ ní odindi X kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí 1,750 bá wà láàárín obìnrin méjì, tí àlàfo sì wà nínú X tí wọ́n jọ ní, ọ̀rọ̀ ọbàkan ti kúrò níbẹ̀, kí a máa wo ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá tàbí ìdílé ìyá. Bí kò bá sí àlàfo, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọbàkan, àmọ́ kò tíì di dandan, torí ìyá bàbá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin náà máa ń jọ ní odindi X. Ti ọkùnrin le díẹ̀: Y tí ọbàkan méjì jọ ní, àbúrò bàbá wọn ní i pẹ̀lú. Ohun tó dára jù ni kí ẹnì kẹta ṣe àyẹ̀wò. Bí àbúrò ìyá rẹ, ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀, bá ṣe tirẹ̀, tí òun àti àjèjì náà kò sì ní nǹkan kan pọ̀, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni kí o kọjú sí.

Àṣìṣe tó jọ èyí wà lápá kejì: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ òdo, wọ́n á ní kì í ṣe ẹbí. Nínú iṣẹ́ Bettinger, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá bímọ, tí àwọn ọmọ náà bímọ, tí àwọn yẹn tún bímọ, àwọn tó kẹ́yìn yìí jọ ní láti 0 dé 234. Bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ ní ìran kan sí i, bí ìdajì wọn ni àyẹ̀wò kò ní rí ohunkóhun láàárín wọn. Kí àwọn tó ń wá ẹbí wọn láàárín Bahia ní Brazil àti ilẹ̀ Yorùbá fi èyí sọ́kàn. Òfin 1850 ló fòpin sí kíkó ẹrú wọ Brazil. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n yà nípa ní nǹkan bí 1840, ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún sí ọmọ wọn ló wà láyé báyìí. Òdo láàárín ọmọ Bahia kan àti ọmọ ìlú tí wọ́n ti kó baba ńlá rẹ̀ lọ kò já nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ Nagô, ìyẹn Yorùbá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn èèyàn wa, lè wúlò jù ú lọ.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn àtẹ tí wọ́n ń ṣe lókè òkun kì í sábà ní àyè fún, òun ló sì yẹ kó ká àwa lára jù: opó ṣíṣú. Ọkọ kú, àbúrò rẹ̀ ṣú ìyàwó lópó, obìnrin náà sì bímọ fún àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ ìyá kan; bàbá wọn tún jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Nínú ìṣirò Wright, ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́jọ ló pàdé lára wọn, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Iye cM wọn yóò máa rìn sí nǹkan bíi 2,200. Ẹ gbé 2,200 yẹn lọ sórí àtẹ Bettinger: ó wọ àyè àwọn tí òbí kan pa pọ̀, ó sì tún wọ àyè ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1,613. Àwọn kan á pè wọ́n ní ọmọ bàbá kan, àwọn mìíràn á ní àyẹ̀wò ló ṣì. Ibi tó yẹ kí a wò ni ibi tí ọmọ méjèèjì ti gba ohun kan náà lọ́wọ́ ìyá, tí wọ́n sì tún gba ohun kan náà lọ́wọ́ bàbá. Láàárín ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ó máa ń tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọbàkan tí ìyá wọn kò tan, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Láàárín àwọn ọmọ tí mo ń wí yìí, 12.5 ni kí a retí, bí bàbá méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àwọn àgbà tó mọ ẹni tó ṣú ta lópó nínú ilé ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí olùwádìí kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ kó tó ṣí àtẹ kankan.