Kúínìnì àti Àdúrà: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìjiyàn

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ aládùúrà kan dìde nínú ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, Joseph Ṣadárè sì wà lára wọn. Sophia Ọdúnlámì kéde pé kí a pa oògùn tì, kí a lo àdúrà àti omi òjò. Àwọn kan jẹ́rìí pé ara wọn yá.

Ìjiyàn àkọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ: lágbájá gbàdúrà láìlo oògùn, ara rẹ̀ yá, tàmẹ̀dù náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà, oògùn kò wúlò. Àwọn tó gbàdúrà tí wọ́n kú ńkọ́? Àwọn tó lo oògùn tí wọ́n yè ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìjiyàn kejì bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin: ẹni tó bá lo oògùn kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, oògùn ni kúínìnì, nítorí náà, ẹni tó lo kúínìnì kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Bí a bá gba ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìparí rẹ̀ di dandan. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ gan-an ló mì: Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótíù lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ (1 Tímótíù 5:23). Síbẹ̀, kúínìnì tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church ń lò fún ibà wà lára ohun tó fa ìyapa tó bí Christ Apostolic Church ní nǹkan bí 1940.

Ní Àjùwọ̀n níbí, bí ìyá kan bá bi wá bóyá kí òun da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí àti ìpìlẹ̀ wò kí a tó la ẹnu. Ọlọ́run ń wò sàn. Ìyẹn kò sọ oògùn di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ èsì wa.