Misawa: Ìlú Kékeré kan ní Ẹnu Ibodè Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn. Misawa ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Japan, ẹ ó rí erékùṣù gígùn kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, Honshu ni nwọ́n ń pè é. Ní òpin rẹ̀ níhà àríwá ni ìgbèríko Aomori wà, nínú èyí tí Misawa jókòó sí, tí òkun Pàsífíìkì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, tí adágún ńlá Ogawara sì wà ní ìhà kejì. Àwọn ará ìlú náà fẹ́rẹ̀ tó 40,000. Ṣùgbọ́n nínú ìlú kékeré yìí ni pápá ọkọ̀ òfurufú kan wà tí ọ̀nà ìfò rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà, àwọn ológun Japan, àti ọkọ̀ tí ń kó èrò lásán jùmọ̀ ń lò. Mo fẹ́ kí a wádìí bí ilé-iṣẹ́ ogun orílẹ̀-èdè méjì ṣe dé inú àgbàlá ìlú kan, àti ohun tí ó fi í ṣe.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀rá. Ní àkókò tí ó yẹ kí oòrùn mú ìrẹsì gbó, ẹ̀fúùfù tútù kan tí nwọ́n ń pè ní Yamase a máa fẹ́ láti orí òkun wá, kùrukùru a sì bo oko, ìrẹsì a yọ láìní ọmọ nínú. Nítorí èyí, ẹṣin ni àwọn ìjòyè ìdílé Nanbu tí ó ni ilẹ̀ náà ń sìn níbẹ̀ láti ayébáyé. (Ó lè dùn mọ́ yín láti gbọ́ pé iṣu ń ta ní ilẹ̀ tútù náà, irú kan tí ó gùn bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n nwọn kì í gún un bẹ́ẹ̀ ni nwọn kì í sábà sè é, tútù ni nwọ́n ń rin ín tí nwọ́n sì ń jẹ ẹ́.)

Li ọdún 1868, ogun abẹ́lé dé sí Japan. Shogun, olórí ogun àgbà tí ìdílé rẹ̀ ti fi ju ọdún 250 lọ ṣe àkóso ní orúkọ Ọba, ṣubú; àwọn ará Aizu tí nwọ́n dúró tì í títí dé òpin sì ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba titun gba ilẹ̀ wọn, ó sì kó ju 10,000 nínú wọn lọ sí àríwá, sí ilẹ̀ ẹ̀fúùfù tútù tí mo ti sọ yìí. Àwọn jagunjagun ọlọ́lá tí nwọn kò mú ọkọ́ rí di àgbẹ̀ ní ọ̀sán kan. Òtútù àti ebi sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ará Aizu wọ̀nyí ni Hirosawa Yasuto. Ó wo ilẹ̀ náà, ó rí i pé ẹni tí yóò bá jẹun níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ẹ̀fúùfù jà lórí ìrẹsì. Li ọdún 1872, òun àti àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì dá ọgbà ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní Misawa ní ìlànà àwọn Òyìnbó, irú ti aládàáni tí ó kọ́kọ́ wà ní gbogbo Japan. Nítorínáà, ní tèmi, ẹni tí ó bá sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ mú àlejò wọ Misawa kò mọ ìtàn ìlú náà. Ọmọ ìlú ni ó lọ pè wọ́n wá, ní ọdún 73 ṣáájú, màlúù àti ẹṣin ni nwọ́n sì bá wá, kì í ṣe ọkọ̀ ogun.

Ohun kejì tí ó so ìlú yìí mọ́ òkèèrè ni iyanrìn. Etí òkun Sabishiro, tí ó wà ní Misawa, ní iyanrìn tí ó le tí ó sì tẹ́jú, èyí tí ó yẹ fún ọkọ̀ òfurufú tí ó wúwo fún epo. Li ọdún 1930, Harold Bromley àti Harold Gatty gbéra níbẹ̀ láti fò kọjá òkun Pàsífíìkì láì dúró, nwọ́n sì padà sẹ́hìn. Li ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Clyde Pangborn àti Hugh Herndon, dé pẹ̀lú ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miss Veedol. Ìjọba Japan ti kọ́kọ́ mú wọn, ó sì bu owó ìtanràn lé wọn, nítorí pé nwọ́n fò wọlé láì gba ìwé àṣẹ, nwọ́n sì ya àwòrán ibi tí àwọn ológun kò fẹ́ kí ènìà rí. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rù amí ti wà láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ọdún 10 kí ogun tó bẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé etí òkun náà kò fi èyí ṣe. Nwọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́, nwọ́n sì gbà wọ́n bí àlejò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọdún 1931, nwọ́n gbéra. Pangborn ti ṣe ọkọ̀ náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè já sínú òkun lẹ́hìn ìgbéra, kí ó ba lè fúyẹ́. Ẹsẹ̀ já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì kọ̀ láti já, ni ọkùnrin náà bá jáde sí ìta nínú afẹ́fẹ́ òkè tí ń dini bí omi dídì, ó sì fi ọwọ́ yọ wọ́n. Lẹ́hìn náà, Herndon gbàgbé láti fa epo sí inú àpò ìyẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ sì kú. Pangborn ní láti dojú ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi tún ẹ̀rọ náà yí. Lẹ́hìn wákàtí 41 àti ìṣẹ́jú díẹ̀, nwọ́n fi ikùn ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Wenatchee, ní ìpínlẹ̀ Washington. Àwọn ni ẹni ìṣáájú tí ó fò kọjá òkun náà láì dúró. Nwọ́n ń sọ ní Misawa pé ọmọdé kan fún wọn ní èso ápù márùn-ún kí nwọ́n tó lọ, àti pé lẹ́hìn náà ni Wenatchee, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ìlú ápù, fi ẹ̀ka igi ápù tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Títí di òní, àwọn ìlú náà ń pe ara wọn ní arábìnrin.

Ọdún 10 àti oṣù méjì lẹ́hìn ìfò yẹn, àwọn ọkọ̀ Japan ju àdó olóró sí Pearl Harbor. Ní Misawa fúnra rẹ̀, àwọn ológun Japan ti ń tẹ́ pápá kan láti ìparí àwọn ọdún 1930, àti láti ọdún 1942 ó wà lọ́wọ́ àwọn ológun ojú omi. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún 1945, àwọn ọkọ̀ tí ó gbéra láti inú ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà wá, nwọ́n sì fọ́ ọ túútúú. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn kan náà tí ó fọ́ ọ wọlé, nwọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ́. Nwọn kò tíì lọ láti ìgbà náà. Àdéhùn tí a fọwọ́ sí li ọdún 1951, tí a sì tún ṣe li ọdún 1960, ni ó fi ìdí wọn múlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún ènìà lásán, ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan hàn yín. Terayama Shuji jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 10 nígbà tí àdó iná jó ìlú Aomori ní oṣù Keje ọdún 1945. Ìyá rẹ̀ gbé e sá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ní Misawa. Bàbá rẹ̀ kò padà láti ojú ogun. Ní erékùṣù Celebes ni ó kú sí, li ọdún kan náà. Níbo ni opó náà rí oúnjẹ? Ní inú ibùdó àwọn ọ̀tá ọkọ rẹ̀ ni. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, ó sì fi owó wọn tọ́ ọmọ náà. Terayama di akéwì àti òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí gbogbo Japan mọ̀. Ó kú li ọdún 1983, ilé ìrántí rẹ̀ sì wà ní Misawa láti ọdún 1997. Nígbà tí àwọn kan bá ń dá ìlú náà lẹ́bi pé ó ta ara rẹ̀ fún àjèjì, opó yìí ni mo máa ń rò.

Ìlú sì pọ̀ sí i ní ẹnu ibodè náà. Láti ọdún 1949 títí di ọdún 1971, dọ́là kan jẹ́ 360 yen, nítorínáà ọ̀dọ́mọkùnrin ológun tí ó jẹ́ tálákà ní ilé rẹ̀ di ọlọ́rọ̀ ní Misawa. Ilé ọtí, aránṣọ àti oníṣòwò sì yọ jáde bí olú. Li ọdún 1958 a sọ ọ́ di ìlú ńlá lábẹ́ òfin. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1966, iná jó àárín ìlú. Ẹ̀fúùfù gbé e láti òrùlé dé òrùlé, àwọn apaná ibùdó sì bá ti ìlú jà á. Nígbà tí dọ́là ṣubú lẹ́hìn ọdún 1971, tí ó sì tún ṣubú lẹ́hìn ọdún 1985, ológun náà kò lè ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnu ibodè sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí a ṣírò owó rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè kò ní ẹnu nínú bí yóò ti rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibùdó nìkan ni orúkọ Misawa. Li ọdún 1969, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà dé ìparí ìdíje básíbọ́ọ̀lù ti gbogbo Japan ní Koshien. Ìpele 9 ni eré náà máa ń ní. Nwọ́n gbá 18 pẹ̀lú àwọn ọmọ Matsuyama, òdo sí òdo. Ota Koji nìkan ni ó ju bọ́ọ̀lù fún Misawa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ kejì a tún eré náà ṣe. Ó tún jù ú, nwọ́n sì pàdánù, 4 sí 2. Ṣáájú wọn, kò sí ẹgbẹ́ kan láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Honshu tí ó tíì dé ìparí náà láti ìgbà tí ogun ti parí.

Nísinsìnyí, ìnira. Òfin kan tí a ṣe li ọdún 1974 ni ó ń mú kí ìjọba Japan fún irú ìlú báwọ̀nyí ní owó fún ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìdènà ariwo. Owó náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba ọ̀nà titun kì í ṣe ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lè sùn ní gbogbo ìgbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2018, iná ràn nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ F-16 kan. Awakọ̀ ju àpò epo méjì sílẹ̀ kí ó ba lè gúnlẹ̀, inú adágún Ogawara sì ni nwọ́n bọ́ sí. Ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, èmi kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n epo tàn ká ojú omi, àwọn apẹja tí ń wa ẹja oníkarahun kékeré tí nwọ́n ń pè ní shijimi kó ọkọ̀ wọn sí èbúté, àwọn ológun Japan ni ó sì wá kó àfọ́kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àdó ìdánrawò kan bọ́ sí oko ènìà ní Rokkasho. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, ọkọ̀ F-35 ti Japan fúnra rẹ̀ já sínú òkun ní ìlà-oòrùn Misawa, awakọ̀ rẹ̀ sì kú.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ka àkọsílẹ̀ náà tán yóò ka ti oṣù Kẹta ọdún 2011 pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí òkun sì ya wọ èbúté, iná mànàmáná kú nínú ibùdó àti ní ìta bákan náà. Àwọn ológun àti àwọn ìyàwó wọn jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, nwọ́n bá àwọn apẹja Misawa kó ẹrẹ̀ àti pákó kúrò ní etí omi. “Tomodachi” ni orúkọ tí a fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní gbogbo Japan li ọdún náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́.

Li oṣù Keje ọdún 2024, Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò fi ọkọ̀ F-35 48 rọ́pò F-16 36 tí ó wà ní Misawa. Ẹ̀rọ F-35 lágbára ju ti F-16 lọ dáadáa, àwọn ará ìlú sì mọ ohùn rẹ̀, nítorí láti ọdún 2018 ni Japan ti ń fò tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà, lókè adágún náà àti lókè oko iṣu.