Ketamine: Ìrora Abẹ Yàtọ̀ sí Ìrora Tí Kì Í Lọ

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìrora. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, ara a máa roni, egbò a máa tani, eyín a máa dunni. Bí ọmọdé bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé orí ń run òun, ìyá á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó wá oògùn fún un. Àwọn tó ni èdè yìí ti rí i tipẹ́ pé ìrora kì í ṣe ẹyọ kan, àti pé ohun tó wo ọ̀kan sàn lè má ran èkejì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn bá a ṣe ń tẹ̀ lé ìtàn oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ketamine.

Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, àwọn ilé ìwòsàn àdáni kan wà tó ń fi dírípù fa ketamine sí ara ẹni tí ìrora ti ń bá fínra láti ọdún pípẹ́. Ọ̀dọ́ kan tó wà ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ro ó láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, tàbí tí egungun ń yọ lẹ́nu nítorí ẹ̀jẹ̀ SS, á rí i lórí fóònù, á sì bi ara rẹ̀ pé: ìgbà wo ni tiwa máa dé? Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ketamine ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ tó wá ṣe níbí ló yàtọ̀.

Ní 1962, onímọ̀ kẹ́místrì kan tó ń jẹ́ Calvin Stevens ló kọ́kọ́ ṣe é fún ilé iṣẹ́ oògùn Parke-Davis ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ náà ti ní oògùn akunnilóorun kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ phencyclidine, àmọ́ àwọn tí wọ́n fún a máa jí pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tí kì í tètè lọ. Wọ́n wá ń wá èyí tí agbára rẹ̀ á tètè kúrò lára. Ní 1964, Edward Domino àti Guenter Corssen, dókítà méjì láti Yunifásítì Michigan, fún ènìyàn ní oògùn tuntun náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìlú Jackson ní Michigan ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà yọ̀ǹda ara wọn, àmọ́ ẹni tó wà látìmọ́lé, báwo ni yóò ṣe ní òmìnira tó láti sọ pé òun ò ṣe?

Ohun tí àwọn dókítà náà rí yà wọ́n lẹ́nu. Ojú ẹni tí wọ́n gún là sílẹ̀, ó ń mí, àyà rẹ̀ ń lù, àmọ́ kò sí nílé. Ìyàwó Domino, Toni, ló bá wọn wá orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú oorun bẹ́ẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí pé ọkàn ti yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ara. Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, wọ́n sì lò ó fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun Vietnam.

Kí ló mú kó wúlò lójú ogun? Ohun kan náà tó mú kó wúlò fún wa ni. Ọ̀pọ̀ oògùn akunnilóorun ló máa ń dín mímí kù, tó sì máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún nílò ẹ̀rọ tó ń bá a mí, ọ́síjìn, iná tí kì í ṣẹ́jú, àti dókítà tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí wọ́n bá fún ènìyàn ní ketamine níwọ̀n tó yẹ, ó sábà máa ń mí fúnra rẹ̀ lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì já wálẹ̀. Ó ṣeé gún sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé gún sí ẹran itan. Kò wọ́n. Nítorí ìdí wọ̀nyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kà á mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 1985.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ẹ̀gbẹ́ Ṣágámù sì ni ọ̀nà Benin ti yà kúrò lára rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, egungun kì í yé kán níbẹ̀. Ní 1986, ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí OOUTH lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ní Ìlíṣàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, Yunifásítì Babcock náà ní tirẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń dé ilé ìwòsàn ńlá. Káàkiri Nàìjíríà, ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí NEPA lè mú iná lọ nígbàkigbà, ketamine ni wọ́n máa ń gbára lé láti fi gbẹ̀bí fún aboyún tí ọmọ há mọ́ nínú, láti fi to egungun tó kán, tàbí láti fi wẹ egbò ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti sùn lábẹ́ ketamine rí láìmọ orúkọ rẹ̀.

Èyí ni ketamine àkọ́kọ́, ketamine ti abẹ. Báwo ló ṣe wá di oògùn ìrora ọjọ́ pípẹ́?

Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ lọ́wọ́, iṣan ìmọ̀lára á gbé ìròyìn gba inú ọ̀pá-ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Bí ojú ibẹ̀ bá jinná, ìròyìn á dáwọ́ dúró. Ìrora yẹn ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Àmọ́ nígbà mìíràn, egbò á jinná tán, iṣan á ṣì máa ké. Ó dà bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń pariwo lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti mú iná dé: kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Bí ìrora bá ti ju oṣù 3 lọ, àwọn dókítà á kà á sí ìrora ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á sì máa fi ojú mìíràn wò ó.

Ní 1983, David Lodge àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi hàn pé ketamine máa ń dí ẹnu ọ̀nà kan tó wà lára iṣan ìmọ̀lára. NMDA ni wọ́n ń pe ẹnu ọ̀nà náà. Ó wà lára ohun tó ń mú kí iṣan túbọ̀ máa ké bí ìrora bá ń kàn án léraléra. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń rò ó pé: bí oògùn yìí bá lè dí ẹnu ọ̀nà náà, ṣé kò ní pa jẹnẹrétọ̀ yẹn? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní ìwọ̀n kékeré nìyẹn, èyí tí kò tó kunni lóorun.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé ẹ̀jẹ̀ AS, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó tiwa. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ń pe àìsàn náà, torí pé ó lè gbé ènìyàn dè lónìí kó sì tú u sílẹ̀ lọ́la. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn ti ń wá ojútùú sí i kí a tó mọ ilé ìwòsàn. Orin àtà, tí a fi ń rin ẹnu tó sì máa ń mú ahọ́n kú, wà lára ohun tí wọ́n lò. Ní 1975, àwọn onímọ̀ kan tí Abayomi Sofowora wà lára wọn tẹ ìwádìí jáde lórí bí omi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń ṣe fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ìrora ti ń kó ọ̀mọ̀wé àti àgbẹ̀ jọ tipẹ́.

Ìrora SS jẹ́ méjì nínú ọ̀kan. Èyí tó máa ń dé lójijì wà, tó ń gbé ènìyàn dé wọ́ọ̀dù. Èyí tí kì í lọ náà sì wà, pàápàá bí orí egungun ìbàdí bá ti bàjẹ́. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé wọ́n lè fi ketamine ìwọ̀n kékeré kún ìtọ́jú ẹni tí ìrora òjijì gbé dé ilé ìwòsàn, bí morphine àti ẹbí rẹ̀ kò bá ká a. Ẹ kíyè sí i: ìrora òjijì ni wọ́n sọ, nínú ilé ìwòsàn, lábẹ́ ojú dókítà. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gún un nílé lóṣooṣù.

Ìrora tí kì í lọ wá ńkọ́? Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní Netherlands, tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ènìyàn 60 tó ní àìsàn tí apá tàbí ẹsẹ̀ fi máa ń jóni bí iná lẹ́yìn tí ìpalára ti jinná. Wọ́n fa ketamine sí àwọn kan lára fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fa omi iyọ̀ sí àwọn yòókù. Ara tu àwọn tó gba ketamine fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Ní 2025, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí gbogbo ayé jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbé àyẹ̀wò 67 yẹ̀ wò lórí ketamine àti mẹ́rin nínú àwọn oògùn tó ń dí ẹnu ọ̀nà kan náà. Àwọn tó kópa lé ní 2,300. Wọn ò rí ẹ̀rí tó yanjú pé ketamine ń dín ìrora ọjọ́ pípẹ́ kù, àmọ́ wọ́n rí i pé ó lè mú èébì wá, kó sì mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí.

Àìrí ẹ̀rí kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ aláìsàn lórí rẹ̀ ń ta ohun tí kò tíì dá lójú. Bí ènìyàn bá sì sọ ọ́ di àṣà, ó ní oró tirẹ̀. Láti 2007 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa àwọn tó ń fi ketamine ṣe fàájì tí àpò ìtọ̀ wọn bàjẹ́. Oró ketamine ló wà nídìí ikú Matthew Perry, òṣèré Amẹ́ríkà, ní 2023.

Nítorí irú èyí ni àwọn ìjọba fi ń fún okùn mọ́ oògùn náà lọ́rùn. Amẹ́ríkà fi òfin dè é ní 1999, Ìlú Ọba ní 2006, wọ́n sì tún un fún le ní 2014. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó ń bá a fínra. Àmọ́ China fẹ́ kí òfin náà kárí ayé, wọ́n sì gbé e dé iwájú àjọ tó ń rí sí oògùn olóró lágbàáyé, ní Vienna, lóṣù Kẹta 2015. Àwọn amòye Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ní rárá. Àlàyé wọn kò lọ́jú pọ̀: bí òfin bá le jù, àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn akunnilóorun mìíràn ni yóò jìyà rẹ̀. Wọ́n sún ìpinnu náà síwájú.

Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ẹ wo morphine. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láti ìgbà tí àdéhùn àgbáyé ti 1961 ti dè é, ìbẹ̀rù, fọ́ọ̀mù àti kọ́kọ́rọ́ ti dí ọ̀nà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Alárùn jẹjẹrẹ ń ké mọ́jú láìrí i. Nàìjíríà wà lára àwọn tí èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kéré jù. Ká sọ pé wọ́n gba ti China ní Vienna, ọ̀dọ́ tó ń fín ketamine símú ní ilé ijó lókè òkun á ṣì rí i rà. Aboyún tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì abẹ ní abúlé Rẹ́mọ ni kò ní rí i.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìrora tálákà kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá rí owó. Ìbéèrè yẹn ló ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro láti ọdún mẹ́ta nílò dókítà tó máa wá ìdí rẹ̀, ẹni tó máa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ara àti bí yóò ṣe máa rìn, àti oògùn tí wọ́n ti dán wò fún irú ìrora tirẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS nílò hydroxyurea tí apá rẹ̀ ká, àti nọ́ọ̀sì tí kò ní fojú ọ̀mùgbó wò ó nígbà tó bá ń ké. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí kò lè gba fídíò rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó ń ṣí ilé ìwòsàn olówó ńlá nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé ṣé ketamine dára, kọ́kọ́ bi í pé: ìrora wo? Bí ó bá jẹ́ ti abẹ, bẹ́ẹ̀ ni, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó wọ́n wa. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ti di ọdún, ní kó lọ rí dókítà, kó sì sọ fún un ní Yorùbá tó dá ṣáká bóyá ó ń fọ́, ó ń run, ó ń ro, tàbí ó ń ta. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀.