Láti Bódìjà sí Ìdíkàn: ìtàn ìwádìí lórí oúnjẹ, ìgbé-ayé àti làákàyè ní Ìbàdàn

Ìbàdàn tuntun, ìyẹn apá ìlú tó nà kúrò lẹ́sẹ̀ òkè Màpó lọ sí Dùgbẹ̀, Bódìjà, Àgbowó, Ring Road àti Challenge, kì í ṣe ogun ló tẹ̀ ẹ́ dó bíi ti àtijọ́. Ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ló bí i. Ọdún 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, ilé ìwòsàn UCH ṣí ní 1957, nígbà tó sì fi di 1965, ilé Bódìjà ti ń kún, Cocoa House sì ti dúró ní Dùgbẹ̀. Ìjókòó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, mọ́tò ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì mọ ògiri yí ilé wọn ká. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣègùn jókòó sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí oúnjẹ àti ìgbé-ayé ń ṣe sí orí ọmọ Yorùbá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Ní 1960, Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àìsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fúnra wọn ń pè ní brain fag: orí á máa gbóná, á dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú agbárí, ojú á máa ṣú bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, ohun tí wọ́n bá sì kà kò ní dúró. (Orúkọ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.) Ní 1980, Olúfẹ́mi Morákínyọ̀ ti Ifẹ̀ so àìsàn yìí mọ́ àìsùn àti àwọn ohun tí ń lé oorun. Ẹni tó bá mọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó lásìkò ìdánwò kò nílò àlàyé: obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, kọfí tí kò ní mílíìkì, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú bàsíà omi tútù. Ìsọyè, oògùn ìrántí, ni àwọn baba wọn ń lò. Kò sí èyí tó lè rọ́pò oorun nínú wọn.

Ẹ̀gẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ní 1968, B. O. Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ara ní UCH, ṣàlàyé àrùn kan tí ẹsẹ̀ kì í ti í mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, tí ìrìn á di tagétagé, tí ojú á máa ṣe bàìbàì, tí etí á sì wúwo. Ó so ó mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ lára àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ oúnjẹ mìíràn. Bíbó, rírin, fífi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò kó lè kan, àti yíyan ló ń dín májèlé náà kù, ẹni tó bá sì ń kánjú tà á ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ohun tó wà nínú ìkòkò ti wọ ẹnu oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn.

Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà, kó tó kú ní 1995, wà lára àwọn tó dá ìwádìí tó lókìkí jù nínú ìtàn yìí sílẹ̀. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn arúgbó ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, àdúgbò àtijọ́ kan n'Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Hugh Hendrie ló ṣíwájú lọ́hùn-ún, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Oyè Gureje sì wà lára àwọn tó ṣe é níhìn-ín. Àrùn tí wọ́n ń wá ni ṣíṣarán, ìyẹn kí ìrántí àti òye àgbàlagbà máa jó rẹ̀yìn títí kò fi ní lè dá nǹkan ṣe mọ́, èyí tí àrùn Alzheimer jẹ́ olórí okùnfà rẹ̀. Ìdánwò tó gba ìwé kíkà kò lè bá ìyá tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé mu, nítorí náà irú èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe láàárín àwọn Cree, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Kánádà, ni wọ́n tún ṣe lédè Yorùbá. Wọ́n á sọ ìtàn kúkúrú fún màmá kó tún un sọ, wọ́n á ní kó ka orúkọ ẹranko títí ìṣẹ́jú kan á fi pé, lẹ́yìn náà wọ́n á bi ẹni tó ń bá a gbé bóyá ó ti ṣìnà rí láàárín àdúgbò rẹ̀.

Èsì tó jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú àwọn Yorùbá 2,459, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán lọ́dọọdún. Nínú àwọn 2,147 ti Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń dá kún ewu àrùn náà lọ́hùn-ún, wà lára àwọn ará Ìdíkàn náà dáadáa, síbẹ̀ ẹni tó jogún ẹyọ kan rẹ̀ níbẹ̀ kò fara gbá a ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tó yàtọ̀ gedegbe ni ìgbé-ayé: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín wọn, iṣu, ọkà àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja díẹ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sọ́jà, agbo ilé ni wọ́n sì ń gbé láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ìwádìí irú èyí kò lè fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú wọn pé òun ni, ṣùgbọ́n ó nira láti ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìran lásán.

Ọjà Bódìjà ni a ti ń ra èlùbọ́ ní àpò-àpò, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Ìbàdàn tuntun ti gbàgbé àmàlà. Àmàlà tí arúgbó Ìdíkàn fi gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ pẹ̀lú ẹja kékeré yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kó ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹran lé lórí títí àwo fi kún, tí ẹni tó jẹ ẹ́ fi mínírà tì í sísàlẹ̀, tó sì wọ mọ́tò padà sídìí tábìlì. Wọ́n ń fi orúkọ kan náà pe oúnjẹ méjèèjì. Àwọn oníṣègùn tó ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní apá ìlú yìí ló lọ ka àwọn arúgbó Ìdíkàn; Bódìjà kò sí nínú ìṣirò náà.